Ẹ Ṣí Ìwé Orúkọ fún Àwọn Tí Kòtò Wúrà Gbé Mì

Lẹ́tà ṣíṣí sí Olórí àwọn ọmọ Yorùbá ní Bouaké àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Sí ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀ wa. Sí ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìnísà àti gbogbo ìlú tó ní ọmọ níbí. Kí ẹ̀dà kan dé Mairie, ilé ìjọba ìlú wa.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀dọ̀ yín la máa ń kọ́kọ́ sáré wá bí ọ̀kan nínú wa bá kú sí ilẹ̀ àjò yìí. Ẹ̀yin lẹ ń dá owó pósí jọ. Ẹ̀yin lẹ ń wá mọ́tò tí yóò gbé òkú dé Ọ̀ṣun bí agbára ẹbí bá ká a. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwọn òkú tí kò dé ọ̀dọ̀ yín rárá: àwọn ọmọ wa tó lọ wa wúrà tí ilẹ̀ sì bò mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí a ṣí ìwé orúkọ fún wọn, kí a sì gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ tí a kọ orúkọ wọn sí.

Ní àdúgbò Ahougnansou níbí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Ọmọkùnrin kan á jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ títí, ọjà ò tà, gbèsè á máa ga. Ọ̀rẹ́ kan á wá sọ fún un pé wúrà ti yọ níbì kan, lápá àríwá tàbí ní òdìkejì ibodè ní Mali. Ọmọ náà á ní oṣù mẹ́ta péré lòun ó lò. Àwọn kan padà wá tàwọn ti alùpùpù tuntun, gbogbo àdúgbò sì rí wọn. Àwọn mìíràn padà wá tàwọn ti ikọ́ tí kò gbóògùn. Àwọn kan ò padà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà wọn á ṣì máa dún, kò kàn ní sẹ́ni tó máa gbé e ni. Tó bá yá, obìnrin inú ẹ̀rọ á máa fi èdè Faransé dá ìyá tó ń pè láti Ẹ̀jìgbò lóhùn.

Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí lè rò pé iṣẹ́ oko lásán ni. Ẹnu kòtò náà kì í ju ohun tó gba ènìyàn kan lọ. Okùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, tọ́ọ̀ṣì á wà níwájú orí, wọ́n á sì máa gbẹ́ ihò lọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí òkúta wúrà bá gbà. Igi tútù tí wọ́n gé nítòsí ni wọ́n fi ń ti òrùlé ihò náà, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń fa omi jáde. Nígbà mìíràn èéfín rẹ̀ a padà sínú ihò, a sì pa ènìyàn láìsí ariwo. Tí òjò bá wá rọ̀ léraléra, ilẹ̀ á wúwo. Ihò tí ẹlòmíràn ti gbẹ́ lọ́dún tó kọjá lè wà lábẹ́ tìrẹ kí o má mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá rì, ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni àwọn tó wà lókè á fi máa wa yẹ̀pẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á dákẹ́, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí ṣọ́jà má ká wọn mọ́bẹ̀, olówó kòtò á sì lọ gbẹ́ òmíràn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó kú, «Anago» ni wọn ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa. Mẹ́ta lè wà nínú kòtò kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Anago.

Nílé, àwọn bàbá wa ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá kú sọ́nà jíjìn. Wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ wálé á gbé e dání, wọ́n á sì sin ín bí ẹni ń sin òkú gan-an. Àwọn ọdẹ ní tiwọn: bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, wọ́n á ṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, kí àjọṣe àárín òun àti ẹgbẹ́ tó tú. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí fún awakùsà? Ògún tó ni ìbọn ọdẹ náà ló ni dígà tó wà lọ́wọ́ tiwọn. Ẹni tí ilẹ̀ bò kò fi irun sílẹ̀, kò fi èékánná sílẹ̀. Orúkọ nìkan ló kù tí a lè gbé relé, ìyẹn náà la sì ń jẹ́ kó sọnù yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìwòyí tí kò ní sùúrù ni. Ọdún 1919 ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní àfonífojì odò Birim ní Gánà, àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn tó lọ wà á tí wọ́n sì ń rà á tà ní Akwatia àti agbègbè rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí ohun tó lé wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìdílé kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ni bàbá wọn gbà dé Côte d'Ivoire, tí kò padà sílé. A mọ ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. A mọ ẹrù tó sọnù, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ àti páànù tí ìyá àgbà ò lè gbé. A ń sọ ọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan ka orúkọ àwọn tó ti kú sínú kòtò dáyámọ́ńdì kí lílé náà tó dé.

Ẹ wo ọjọ́ kan náà ní ogún ọdún ṣáájú. Ní 18 November 1949, ọlọ́pàá ìjọba àmúnisìn yìnbọn lu àwọn awa-èédú ní Iva Valley ní Enugu, 21 sì kú nínú wọn. Mo gbà pé ikú ìbọn kì í ṣe ikú ilẹ̀ tó wó. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo ní kí ẹ wò: ìwé ìròyìn gbé e, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí, àwọn tó ń jà fún òmìnira gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ó sì wọ ìtàn Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jos ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ìyẹn, nígbà ogun Hitler, tí ìjọba kan náà fi tipátipá kó àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 100,000 láti òkè ọya lọ wa tánganran. Ebi àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. A ó wá títí kí a tó rí ẹni tó lè dárúkọ ọ̀kan péré nínú wọn.

Ohun tó ń ya òkú kan sọ́tọ̀ kúrò lára òkú kejì kò ju ìwé lọ. Ọdún kan ṣoṣo ní Burkina Faso tó múlé tì wá ti tó láti fi hàn wá. Ní oṣù February 2022, nǹkan olóró bú gbàù níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Gbomblora, ní ẹkùn tó bá wa pààlà, nǹkan bí 60 ènìyàn sì kú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní 16 April, òjò àìròtẹ́lẹ̀ kún wọ ibi ìwakùsà zinc ní Perkoa, awakùsà mẹ́jọ sì há sí ìsàlẹ̀ tó jìn ju mítà 500 lọ. Gbogbo ayé ló gbọ́ ti Perkoa. Wọ́n fa omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn ìjòyè ìjọba ń lọ ń bọ̀, ẹbí àwọn mẹ́jọ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì ṣíwọ́ títí wọ́n fi gbé òkú ìkẹyìn jáde ní oṣù June. Mẹ́fà jẹ́ ọmọ Burkina, ọ̀kan wá láti Tanzania, ọ̀kan láti Zambia. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá méjì lẹ́bi. Kí ni mẹ́jọ fi ju ọgọ́ta lọ? Ní Perkoa, wọ́n mọ ẹni tó wọlé láàárọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí kò jáde nírọ̀lẹ́. Ní Gbomblora, «nǹkan bí» ni wọ́n fi ń ka ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri. Òkú lé ní 70 ní Kangaba ní Mali, oṣù January 2024. Nǹkan bí 48 nítòsí Kéniéba, ní Mali kan náà, oṣù February 2025, obìnrin sì ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣa èérún tí àwọn tó ni ẹ̀rọ fi sílẹ̀. Nílé wa ní Nàìjíríà, ilẹ̀ ya bo ènìyàn tó lé ní 30 mọ́lẹ̀ ní Shiroro, ìpínlẹ̀ Niger, ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2024, lẹ́yìn òjò ńlá. Kódà Ìbàdàn tí kò sí kòtò wúrà kankan ní ìgboro rẹ̀ tọ́ ọ wò: ní 16 January 2024, nǹkan ìbúgbàmù tí Gómìnà Mákindé sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé bú ní Bódìjà, ó pa ènìyàn, ó sì wó ilé lọ rẹpẹtẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, kí wá ni òkúta tí a kọ orúkọ sí lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn àlejò bíi tiwa. Lọ́dún 1946, Ítálì tí ogun ti sọ di òtòṣì bá Bẹ́ljíọ̀mù ṣe àdéhùn: Ítálì á kó ọkùnrin wá, Bẹ́ljíọ̀mù á máa fún un ní èédú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, wọ́n ń sùn sínú àgọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 August 1956, ní Bois du Cazier ní Marcinelle, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí kò wọ inú ẹ̀rọ agbéniròkè tán já wáyà iná àti ọ̀pá epo bí ẹ̀rọ náà ṣe gbéra. Iná sọ. Nínú 275 tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, 262 ò gòkè mọ́. Ọmọ Ítálì ni 136 nínú wọn, orílẹ̀-èdè méjìlá ló sì pín òkú náà.

Lónìí, ẹ lè dé ibẹ̀ kí ẹ ka orúkọ 262 náà. Wọ́n ti sọ ibi ìwakùsà náà di ilé ìtàn, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé láti ọdún 2012. Gbogbo 8 August ni aago ń lù níbẹ̀ fún wọn. Ohun tó wú mi lórí jù ni èyí: láti ọdún 2001, Ítálì ti sọ 8 August di ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń rántí àwọn ọmọ rẹ̀ tí iṣẹ́ pa sí ilẹ̀ àjèjì, yálà èédú ni o, yálà ilé kíkọ́ ni. Ìjọba tó fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ èédú náà ló padà wá tẹríba fún wọn. Ẹ̀yin àgbà wa, mélòó ni ọjọ́ tí àwa, tí a ti ń jáde nílé láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí àjò gbà lọ́wọ́ wa? Àjò kò dùn kí onílé má relé, a máa ń wí bẹ́ẹ̀ níbi ayẹyẹ. A kì í sì í bi ara wa pé àwọn wo ni kò relé náà.

Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká lọ jìnnà. Ní November 2004, bọ́ǹbù já lu àgọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé nínú Bouaké wa yìí. Mẹ́sàn-án kú nínú wọn, ará Amẹ́ríkà kan sì bá wọn lọ. Ọdún márùndínlógún lẹ́yìn náà, ní December 2019, Ààrẹ Macron fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbí, òun àti Ààrẹ Ouattara, láti bọ̀wọ̀ fún àwọn mẹ́sàn-án náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú pọ̀ nínú ogun yẹn, mi ò sì fẹ́ tú u. Ohun tí mo rí ni pé orílẹ̀-èdè kan mọ iye ọmọ rẹ̀ tó kú ní ìlú wa, ó mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbàgbé ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Mo ti gbọ́ àwọn àtakò kan lẹ́nu àwọn tí mo fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀, ó sì yẹ kí n dáhùn. Èyí tó lágbára jù ni pé òfin ni wọ́n ń rú. Òótọ́ ni pé òfin ìwakùsà Côte d'Ivoire ti ọdún 2014 kò fàyè gba ẹni tí kò gbàṣẹ, mi ò sì sọ pé kí ìjọba wo wọ́n níran. Kẹ́míkà wọn ń ba odò jẹ́, wọ́n ń tú oko kòkó àti oko kajú onílẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irú èrò yẹn gbé Gúúsù Áfíríkà dé ní Stilfontein: ìjọba sé oúnjẹ mọ́ àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ebi lè lé wọn jáde. Nígbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ ìgbàlà ní January 2025, òkú 78 ni wọ́n fà gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àlejò láti Mozambique, Zimbabwe àti Lesotho ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ló ni ìdájọ́ arúfin. Òkú rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ìmáàmù wa á sọ pé ẹ̀sìn kò fẹ́ kí a kọ́ nǹkan sórí sàréè. Kì í ṣe sàréè la fẹ́ kọ́. Kò sí òkú kankan níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì fà á tí a fi nílò rẹ̀. Àwọn pásítọ̀ wa á fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn abọ̀gún á máa da epo sí òkúta náà. Bí wọ́n bá dà á, omi wà tí a ó fi fọ̀ ọ́.

Àtakò kẹta, àwọn ìyàwó olóògbé ló sọ ọ́ fún mi, òun ló sì ká mi lára jù. Wọ́n ní bí orúkọ ọkọ àwọn bá jáde, àwọn tó yá a lówó á dé. Ẹ̀rù yìí ní ìdí, nítorí ọ̀pọ̀ ló jẹ gbèsè kí ó tó lọ, gbèsè náà ló tilẹ̀ lé e lọ. Nítorí náà, àfi kí ẹ̀yin àgbà kọ́kọ́ fi ẹnu yín sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ara òkúta yẹn wá sin gbèsè lọ́dọ̀ opó. Ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ nínú irú nǹkan báyìí.

Àwọn tó ní ó ti pẹ́ jù náà wà. Ní Senghenydd ní Wales, 439 awakùsà àti ọ̀kan nínú àwọn tó lọ gbà wọ́n là kú ní 14 October 1913. Owó ìtanràn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ máníjà kò ju pọ́n-ùn 24 lọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún pé kí wọ́n tó ṣí ibi ìrántí gbogbo awakùsà Wales síbẹ̀ ní 2013. Tiwa kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ṣì wà láàyè tó lè sọ ọjọ́ tí ọmọ jáde nílé àti aṣọ tó wọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹ tó ra òkúta, ẹ ra ìwé. Ẹ fi í sí ọwọ́ akọ̀wé kan tí kì í ṣòfófó, kí ẹ sì polówó rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹni tó bá ní ènìyàn tó bá iṣẹ́ kùsà lọ wá sọ ọ́: orúkọ àbísọ, ìlú rẹ̀, ibi tó ń lọ, ọdún tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹbí tó bá kọ̀ kí a gbé orúkọ síta, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé nìkan. Kí ẹ má sì fi mọ sí ọmọ Yorùbá. Àwọn Baoulé tó ni ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀, àwọn Mossi, àwọn Sénoufo, àwọn ará Mali àti Nìjẹ́ tí a jọ ń gbé ní Ahougnansou, wọ́n ní òkú tiwọn nínú kòtò kan náà. Ìwé tó bá kọ tiwa nìkan á sọ pé a rí ìyàtọ̀ níbi tí ilẹ̀ kò ti rí i.

Ìwé yẹn á ní iṣẹ́ mìíràn tí òkúta kò lè ṣe. Bí orúkọ bá ti pọ̀ níbẹ̀, a ó rí oṣù tó ń pa ènìyàn jù àti ibi tó ń pa wọ́n. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ, ẹ lè ṣí i fún un kó fojú ara rẹ̀ rí. Ó lè ṣì lọ. Ọkùnrin tí gbèsè bá lé kì í gbọ́ ìwàásù. Ó kéré tán, ẹ ó ti kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ mọ́tò.

Lọ́dọ̀ Mairie, ilẹ̀ kékeré kan létí ọ̀nà ni mo ń tọrọ fún òkúta náà, níbi tí àwọn ènìyàn ń kọjá, kì í ṣe ẹ̀yìn ọgbà. Bí ẹ bá fẹ́ dá ọjọ́ kan sí i, mo dábàá 18 November, nítorí Iva Valley àti nítorí àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Akwatia. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó di òde aṣọ ẹbí. Kí a pé jọ, kí a ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí oníkálukú gbàdúrà bó ṣe mọ̀ ọ́n gbà, kí a sì tú ká lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ètò ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, kí ẹ sì yan akọ̀wé náà níbẹ̀. Ìwọ tí o sì ń ka lẹ́tà yìí, tó jẹ́ pé orúkọ kan ti wá sí ọ lọ́kàn, má dúró de ìpàdé. Kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni o, kí o sì mú un wá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ẹ̀jìgbò kan ní Ahougnansou, Bouaké.